Ọkọ mi kú sẹ́nu iṣẹ́ sọ́jà Amẹ́ríkà, ọmọ fẹ́ wọ yunifásítì: Fry ni kí n mú àbí Chapter 35?

Ìyá Fárídà, Houston:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Kíkà ni mo máa ń kà níbí, mi ò kì í kọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ n sùn láti ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá àwọn ọmọ mi wọ iṣẹ́ sọ́jà ní 2010, Houston níbí ló ti wọlé, MAVNI ló bá wọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà níbí nígbà yẹn á rántí, àwọn tí ò ní green card ni wọ́n ń gbà nítorí èdè tí wọ́n gbọ́, Yorùbá sì wà lára àwọn èdè tí wọ́n ń wá. Ní 2017 ọkọ̀ wọn dojú dé níbi tí wọ́n ti ń ṣe training, bó ṣe lọ nìyẹn. Fárídà ò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, àbúrò ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn.

Fárídà máa parí high school ní May yìí, yunifásítì ìjọba kan níbí ti gbà á, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ kọ́. Mo wọ VA.gov, ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì VA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ti ṣe sọ́jà, kí n lè kọ fọ́ọ̀mù 22-5490, ni mo bá rí i pé mo gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan nínú owó ilé ìwé méjì tí ìjọba ní fún ìdílé sọ́jà, yálà Fry Scholarship tàbí DEA tí wọ́n ń pè ní Chapter 35, tí mo bá sì ti mú ọ̀kan, kò sí pé mo fẹ́ yí i padà mọ́. Ọwọ́ mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo pa kọ̀ǹpútà dé. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Chapter 35 ni kí n mú, pé inú account ọmọ ni owó ń wọ̀ tààrà. Ẹlòmíì ní Fry ni. Èwo ni kí n ṣe?

Èyí tó tún ń dùn mí jù, ọmọ náà fúnra ẹ̀ ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ó ní owó ẹ̀jẹ̀ bàbá òun ni, òun ò ní fi kàwé, òun á kúkú yá owó.

Nọ́ọ̀sì Dallas:
Àǹtí mi, ẹ kú ará fẹ́ra kù, Ọlọ́run á bá yín wo àwọn ọmọ. Ẹ gbọ́ tèmi, Chapter 35 ni kẹ́ ẹ mú. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, òun ni mo fi ka nọ́ọ̀sì tèmi nígbà tí ọkọ mi ti Iraq dé tí ara ò gba iṣẹ́ mọ́. Ẹni tó bá ń kàwé full-time, 1,536 dọ́là lóṣù ni wọ́n ń san láti October 2024 sí September 2025, gbogbo October ni wọ́n sì máa ń fi nǹkan díẹ̀ kún un. Ọwọ́ yín ni owó náà máa wà, ẹ fi san rẹ́ǹtì, ẹ fi ra ìwé, kò sẹ́ni tó máa bi yín léèrè.

Sájẹ́ǹtì Fẹ̀yìntì, San Antonio:
Ìyá Fárídà, ẹ pẹ̀lẹ́ o, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì tẹ nǹkan kan lórí fọ́ọ̀mù yẹn.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú sí mi, òótọ́ lẹ sọ nípa ara yín ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín àti tiwọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọkọ yín wà láàyè, ó fara pa ni, nítorí náà Chapter 35 nìkan ni ìjọba àpapọ̀ ní fún yín, ẹ ò ní ohun tẹ́ ẹ fẹ́ mú sílẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ gbé. Fry, ẹni tí sọ́jà tirẹ̀ kú sẹ́nu iṣẹ́ láti September 11, 2001 wá síwájú ló ni ín, ọmọ àti ìyàwó. Ìyá Fárídà ní ẹ̀tọ́ sí méjèèjì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kó mú ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Chapter 35, 1,536 lọ́nà oṣù mẹ́sàn-án tí wọ́n fi ń kàwé lọ́dún, 13,824 dọ́là nìyẹn, inú ẹ̀ náà lẹ ti máa yọ owó ilé ìwé, ilé gbígbé, oúnjẹ, ìwé. Fry ńkọ́? Tó bá jẹ́ yunifásítì ìjọba, gbogbo tuition tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ ìpínlẹ̀ ni VA máa san, wọ́n á san án fún ilé ìwé tààrà. Wọ́n á tún fún ọmọ lówó ilé gbígbé lóṣooṣù, iye tí wọ́n ń san fún sọ́jà E-5 (ipò sájẹ́ǹtì) tó ní ìdílé ní àdúgbò ibi tí ilé ìwé wà, wọ́n á sì fi owó ìwé tó lè tó 1,000 dọ́là lọ́dún lé e. Ẹ lọ tẹ orúkọ ilé ìwé náà sínú GI Bill Comparison Tool lórí VA.gov, ẹ máa rí iye tó kàn án gan-an. Oṣù 36 ni méjèèjì, ọdún mẹ́rin ilé ìwé gééré nìyẹn tẹ́ ẹ bá yọ ìsinmi kúrò.

Tó bá lọ sí ilé ìwé aládàáni, òdiwọ̀n wà, 28,937 dọ́là ni lọ́dún 2024 sí 2025, ibi tó bá kù sí, tí ilé ìwé yẹn bá wà nínú Yellow Ribbon, ètò tí ilé ìwé àti VA fi ń pín owó tó kù san, wọ́n lè bá a gbé lára ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Dallas:
Sájẹ́ǹtì, mo gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ ti gbàgbé Hazlewood, òfin Texas tó ń dá ìdílé sọ́jà sílẹ̀ lára owó ilé ìwé. Texas la wà o! Hazlewood ló san tuition mi pátá, wákàtí ẹ̀kọ́ 150 ni wọ́n ń fún èèyàn ní àwọn ilé ìwé ìjọba Texas, Chapter 35 wá ń wọ àpò mi lódindi torí kì í ṣe owó tuition ni wọ́n pè é. Méjèèjì ò bá ara wọn jà rárá. Ìdí tí mo fi sọ ohun tí mo sọ nìyẹn.

Sájẹ́ǹtì Fẹ̀yìntì, San Antonio:
Ẹ ṣeun, òótọ́ ni, èmi ló yẹ kí n kọ́kọ́ dárúkọ ẹ̀. Hazlewood wà fún ọmọ àti ìyàwó ẹni tó kú sẹ́nu iṣẹ́ àti ẹni tó fara pa dé 100%, tó bá jẹ́ pé Texas ló ti wọ iṣẹ́ tàbí tó jẹ́ ará Texas nígbà tó wọlé tàbí tó kọ Texas sílẹ̀ bíi home of record, ìyẹn ibi tó pè ní ilé ẹ̀ nígbà tó wọṣẹ́. Kì í sanwó ìwé, kì í sanwó ilé, tuition àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn fee ni.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó báyìí. Tí Fárídà bá fi Hazlewood san tuition láti ọdún kìíní, tó ń gba 1,536 sápò, tó bá fi máa di ọdún kẹrin wákàtí Hazlewood tó kù lọ́wọ́ ẹ̀ ò tó nǹkan mọ́, torí bachelor's nìkan ló ń lọ sí bí 120. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe. Àwọn ọmọ yìí kì í dúró níbẹ̀, ọdún méjì sí i ó máa fẹ́ ka master's kó di nurse practitioner. Èmi á ní kó fi Fry ka bachelor's, kí Fry san tuition, kó sanwó ilé, kó ra ìwé, kí Hazlewood 150 wà nílẹ̀ gbọnrangandan. Tó bá di master's ní yunifásítì ìjọba, kó wá gbé Hazlewood jáde. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Killeen tí ọkọ tirẹ̀ kú ní 2007, bó ṣe ṣe é fún ọmọ ẹ̀ nìyẹn, ọmọ náà ò jẹ gbèsè kọ́bọ̀ títí dòní.

Ìyá Fárídà, ẹ wá DD 1300 ọkọ yín, ìwé tí wọ́n kọ ikú ẹ̀ sí, ẹ wo ohun tó wà ní home of record. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ Hazlewood wà.

Nọ́ọ̀sì Dallas:
Ah. Mi ò ro ti master's. Èmi gan-an ti lo Hazlewood tèmi tán, mo sì ń sanwó NP lápò ara mi báyìí, ó ń dùn mí. Àǹtí, ẹ gbọ́ ti Sájẹ́ǹtì.

Ohun kan péré ni mo fẹ́ fi kún un, ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni lówó pé kó bá yín kọ ìwé o. Ọkùnrin kan gba 600 dọ́là lọ́wọ́ mi lọ́dún náà lọ́hùn-ún, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ó ní òun mọ èèyàn nínú VA, fọ́ọ̀mù tí mo lè kọ nínú yàrá mi láàárín ogún ìṣẹ́jú ló kọ, ó tún ṣi ọjọ́ ìbí mi kọ, oṣù mẹ́ta ni mo fi ń tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ county ní Texas ló ní Veterans Service Officer (VSO), ẹni tó ń bá èèyàn kọ ìwé VA, wọn kì í gbowó. Ẹ lọ bá wọn.

Bàbá Ayọ̀, Maryland:
Mo kí gbogbo ilé. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ fún àwọn tí sọ́jà tiwọn ò kú ṣùgbọ́n tí kò dá bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, torí a pọ̀ gan-an, a kì í sì í sọ̀rọ̀.

Mo ṣe ọdún mọ́kànlá. Ẹ̀yìn mi bàjẹ́, etí mi kan ò gbọ́ràn, oorun mi ò sì dá bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí mo ti dé. Nígbà tí VA kọ́kọ́ fún mi ní 100% mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sọ fún Ayọ̀ pé ilé ìwé ti bọ́ sí i, kó lọ fọkàn balẹ̀. Ó kọ̀wé béèrè Chapter 35, wọ́n dá a padà. Kí ló ṣẹlẹ̀? 100% tèmi kì í ṣe P&T, ìyẹn ni pé wọn ò tíì kọ ọ́ pé kò ní sàn mọ́, wọ́n ṣì fẹ́ pè mí padà wá yẹ̀ mí wò. Fún Chapter 35, kò tó kí èèyàn jẹ́ 100%, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ permanent and total. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ máa wá nínú lẹ́tà yín. Semester méjì ni ọmọ mi fi ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtajà kí wọ́n tó tún tèmi yẹ̀ wò tí wọ́n fi kọ P&T sí i. Mi ò lè gbàgbé bó ṣe máa ń wọlé ní aago márùn-ún àárọ̀, kó wẹ̀, kó gbé báàgì, kó jáde lọ sí kíláàsì, èmi tí mo jẹ́ bàbá wà lórí àga tí mò ń wò ó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Maryland, ẹ béèrè Edward T. Conroy Scholarship ní financial aid office ilé ìwé ọmọ yín, ó wà fún ọmọ ẹni tó kú àti ọmọ ẹni tó fara pa 100%.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé GI Bill yín, owó ilé ìwé tí ìjọba fún yín, lé orúkọ ọmọ tàbí ìyàwó yín nígbà tẹ́ ẹ ṣì wọ uniform. Ẹ máa ti ṣe ọdún mẹ́fà, ẹ máa gbà láti ṣe mẹ́rin sí i. Tẹ́ ẹ bá ti bọ́ uniform sílẹ̀, ilẹ̀kùn yẹn ti tì. Èmi ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

Àbẹ̀ní, Woodbridge:
Ẹ kú ìrójú, Bàbá Ayọ̀.

Virginia náà ní tiẹ̀, VMSDEP là ń pè é, ọmọ àti ìyàwó ẹni tó kú tàbí ẹni tó fara pa láti 90% lọ sókè tí kò ní sàn mọ́, semester mẹ́jọ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwé ìjọba. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ohun tí ìpínlẹ̀ ń fúnni kò lè yẹ̀. Ní 2024 ìjọba ìpínlẹ̀ wa fi àwọn òfin tuntun sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì tó fẹ́ dín àwọn tó lè gbà á kù, wọ́n ní owó náà ti ń pọ̀ jù fún àwọn yunifásítì. A ò gbà o. Àwọn opó, àwọn tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara, àwọn ọmọ, gbogbo wa la lọ sí Richmond lọ bá àwọn aṣòfin, àwọn tí kò lè lọ ń tẹ̀ wọ́n láago. July ọdún yẹn ni wọ́n padà jókòó tí wọ́n fagi lé àwọn òfin náà. Èmi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ìyá kan di fọ́tò ọmọ ẹ̀ mú, kò sọ̀rọ̀ rárá, ó kàn dìde dúró ni.

Ọmọ Ẹ̀gbá, London:
Ìbéèrè kékeré. Ìyàwó ọmọ ìyá mi wà ní Ìbàdàn, sọ́jà Amẹ́ríkà ni ọkọ ẹ̀, ó kú lẹ́nu iṣẹ́. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni wọ́n ṣe, kò sí ti registry. Ṣé wọ́n á gba àwọn ọmọ? Ṣé wọ́n lè fi kàwé ní Nàìjíríà? Níbí ní Britain, àwọn tí òbí wọn kú sẹ́nu iṣẹ́ ológun láti 1990 ní Armed Forces Bereavement Scholarship, ìyẹn ni mo mọ̀, ti Amẹ́ríkà ni mi ò mọ̀.

Sájẹ́ǹtì Fẹ̀yìntì, San Antonio:
Ẹ kú ìdúró tì wọ́n. VA máa ń gba ìgbéyàwó tó bá bá òfin ibi tí tọkọtaya ń gbé nígbà tí wọ́n ṣe é mu, nítorí náà ti ìbílẹ̀ kì í ṣe ohun ìtìjú, ṣùgbọ́n ẹ máa nílò ẹ̀rí: affidavit láti kóòtù, fọ́tò ìdána, àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí. Ní ti àwọn ọmọ, jíjẹ́ ọmọ bàbá wọn ni wọ́n ń wò, ẹ wá ìwé ìbí tí orúkọ bàbá wà lórí ẹ̀. Ilé ìwé òkè òkun, ó ṣeé ṣe, àmọ́ àfi èyí tí VA bá ti fọwọ́ sí, ẹ wá orúkọ ẹ̀ nínú Comparison Tool yẹn náà kí ọmọ tó san kọ́bọ̀ kankan.

Ìyá Fárídà, Houston:
Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín, mo ń sunkún bí mo ṣe ń kà á. Mo ní ìbéèrè mìíràn tí ojú ń tì mí láti béèrè. Ẹnì kan ti ń bá mi sọ̀rọ̀ láti ọdún tó kọjá, èèyàn dáadáa ni. Tí mo bá fẹ́ ẹ, ṣé wọ́n á gba nǹkan Fárídà? Ṣé DIC, owó oṣù tí VA ń san fún wa torí ikú bàbá wọn, máa dúró tó bá bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé? Àbúrò ẹ̀ ńkọ́, ṣé inú oṣù 36 yẹn kan náà ni wọ́n ti máa pín in?

Sájẹ́ǹtì Fẹ̀yìntì, San Antonio:
Ojú ò gbọdọ̀ tì yín, ọdún mẹ́jọ ti lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ọkọ mìíràn, Fry tiyín fúnra yín ló máa lọ, torí ẹ̀yin náà ní tiyín, ti Fárídà ò kàn án. Òun fúnra ẹ̀ gan-an tó bá lọ́kọ, kò gba nǹkan ẹ̀. Ẹ má pín nǹkan kan, olúkúlùkù ló ní oṣù 36 tiẹ̀, ti àbúrò ẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń dúró dè é. Ní ti DIC, èyí tó jẹ́ ti Fárídà máa dúró lọ́jọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ Fry, ẹ fi í sínú ìṣirò yín, tiyín ò dúró nítorí ilé ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ bi VSO léèrè nípa DIC tiyín kẹ́ ẹ tó fẹ́ ẹni yẹn, torí ọjọ́ orí ìyàwó wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ má gbàgbé FAFSA, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè owó ìrànwọ́ ìjọba fún ilé ìwé. Ọmọ ẹni tó kú sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn 9/11, tí kò tíì pé ọdún 33, odindi Pell Grant, owó ìjọba tí èèyàn kì í dá padà, ló ń gbà, 7,395 dọ́là lọ́dún, láìwo iye tí ìyá ń pa, kò sì dí Fry lọ́wọ́. Folds of Honor náà, ẹgbẹ́ aláàánú tó ń fúnni lówó ilé ìwé, máa ń gba ìwé láti February títí di opin March, ẹ ṣì bá a. Children of Fallen Patriots náà wà.

Tólú, Atlanta:
Ẹ̀yin màmá mi, ẹ̀yin bàbá mi, mo kí yín. Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ tí Fárídà sọ, torí mo rí i pé gbogbo ènìyàn fò ó.

Bàbá mi kú sí Afghanistan ní 2011, mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ọ̀rọ̀ owó ẹ̀jẹ̀ yẹn, ẹnu mi ló ti jáde rí, mo pariwo ẹ̀ mọ́ màmá mi nínú kíṣìnì, ó gbé ṣíbí sílẹ̀ ó sì wọ yàrá lọ. Ohun tó ń ṣe Fárídà kì í ṣe agídí. Ó dà bíi pé tí mo bá gba owó yẹn, mo ti gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí, pé wọ́n ti san án, pé kò sẹ́ni tó ṣì jẹ bàbá mi ní gbèsè mọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kan mo wá orúkọ Fry yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo fẹ́ mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Texas ni, ará Lorena, John David Fry, Marine ni, bọ́ǹbù ló ń tú. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kó padà sílé, ọwọ́ ẹ̀ ti fara pa, ó lè jókòó, ó ní rárá, òun á bá wọn ṣe wákàtí méje sí i. Bọ́ǹbù kan pa á ní Anbar ní March 8, 2006. Ọmọ mẹ́ta ló fi sílẹ̀. Ó jẹ́ bàbá bíi bàbá tèmi. Mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́.

Bàbá bàbá mi ní Ondó, oko kòkó ló fi rán bàbá mi lọ sílé ìwé. Nígbà tó kú, oko yẹn náà ni wọ́n fi rán àwọn àbúrò bàbá mi, kò sí èyí tó pè é lówó ẹ̀jẹ̀ nínú wọn, oko bàbá wọn ni. Bàbá mi ò ní oko ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ tó ṣe nìyí. Ká ní ó wà láàyè, òun ni ì bá san án.

Ẹ má fipá mú u o. Bàbá wọn kú lẹ́yìn January 2013, ọjọ́ orí ò ní lé e, àwa tí tiwa kú ṣáájú ẹ̀ ni ọdún 33 ń dè. Tó bá fẹ́ dúró semester kan kó ronú, kó dúró, kò ní sọ ọ́ nù. Ẹ ò sì gbọdọ̀ purọ́ fún un pé kò ní dùn ún, gbogbo oṣù tí owó ilé bá ti wọlé ní ọdún kìíní mo máa ń pe màmá mi, a kì í sọ̀rọ̀ owó, a kàn máa ń sọ̀rọ̀ ni. Mo parí ní 2022. Ẹ fún un ní ohun tí mo kọ yìí kó fojú ara ẹ̀ kà á.

Ìyá Fárídà, Houston:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo dákẹ́, ó ti lé ní oṣù kan. Mo rí DD 1300 nínú báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù ẹ̀ wálé, mi ò ṣí báàgì yẹn láti 2017. Houston, Texas ló wà ní home of record. VSO náà jókòó tì wá ní wákàtí méjì, kò gba kọ́bọ̀, ohun tí Sájẹ́ǹtì sọ lòun náà sọ, Fry lákọ̀ọ́kọ́, Hazlewood lẹ́yìn.

Tólú, Ọlọ́run á gbé ọ ga. Mo fi fóònù lé e lọ́wọ́, mo jáde síta. Nígbà tí mo wọlé ó ti ń ṣí báàgì náà, ó ń wo fọ́tò ọjọ́ tí bàbá ẹ̀ parí basic training tí wọ́n sì fi í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà lọ́jọ́ kan náà. Kò sọ nǹkan kan fún mi. Ọjọ́ kẹta ló ní kí n gbé kọ̀ǹpútà wá, òun fúnra ẹ̀ ló kọ fọ́ọ̀mù náà, òun ló tẹ Fry.

Certificate of Eligibility, ìwé tó fi hàn pé ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i, dé láná. Sájẹ́ǹtì, wọ́n ní kó mú un lọ fún School Certifying Official ní ilé ìwé, ẹni tó ń fi orúkọ ọmọ ránṣẹ́ sí VA. Ṣé original ni kó mú dání?

Sájẹ́ǹtì Fẹ̀yìntì, San Antonio:
Photocopy ti tó. Ẹ kó original sínú báàgì yẹn. Ẹ sọ fún un kó tètè lọ, kó má dúró di August.